Panápaná Nìkan Kò Tó Ní Ọ̀nà Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ọba tàbí òwò gbé dé Àbújá, Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya, ó dá mi lójú pé ẹni tí kò mọ Lọ́kọ́jà kò pọ̀ nínú yín. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé ọdún, bí ẹ bá ń bọ̀ wá sin òkú àgbà tàbí wá gbé ìyàwó, púpọ̀ nínú yín ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó ń lọ sí Àkúrẹ́ yóò forí lé Òkénè àti Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí Èkìtì yóò ya sí ọ̀nà Kábà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà àwọn tí ó ti Àbújá wá tó pín, gbogbo wọn ni yóò kọ́kọ́ sọdá Odò Ọya lórí afárá Múrítàlá Mùhámmẹ̀d, tí wọn yóò sì wọ ìlú láti ìhà Otokiti àti Felele. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ fi ojú sí lónìí.

Ẹ wo bí Ọlọ́run ti dá ìlú náà. Òkè Pàtí ga sókè ní apá kan, odò ńlá ń ṣàn ní apá kejì, ilẹ̀ tí ó wà láàrin wọn kò sì fẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Àbújá wá gba ilẹ̀ tóóró yìí kọjá, ó la àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí ilé-ìwé, tí àwọn obìnrin ń tajà lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjánà, ọkọ̀ agbépo tí ó ń ti ìhà gúúsù gòkè, ọkọ̀ akérò tí ó ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ni ó ń du ojú ọ̀dà kan náà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà. Nígbà tí omíyalé dé ní ọdún 2012, tí ó sì tún dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, tí omi bo títì mọ́lẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó rí i pé ọ̀nà ọ̀fun ni Lọ́kọ́jà jẹ́. Àwọn ọkọ̀ agbépo tò rẹrẹẹrẹ níbẹ̀ láìlè kọjá, àwọn ará Àbújá náà sì tò rẹrẹẹrẹ sí ilé epo.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ní òwúrọ̀, ọkọ̀ agbépo kan tí a gbọ́ pé ìjánu rẹ̀ já ya lu àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Felele, iná sì sọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí gbogbo wa mọ̀ sí FRSC sọ pé ènìyàn 23 ni ó kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Pólì ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà nínú wọn. Àwọn ọmọdé tí ó ń lọ sí ilé-ìwé wà nínú wọn. Kì í ṣe inú igbó ni èyí ti ṣẹlẹ̀, tí a ó fi sọ pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ igbe wọn. Nínú olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni, ní ojúmọmọ, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àánú ṣe ṣùgbọ́n tí kò sí ohun kan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi dóòlà ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ wí. Nítorí náà n kò ní lo àyè yìí láti bú awakọ̀, tàbí ẹni tí ó ni ọkọ̀, tàbí ẹni tí ó yẹ kí ó tún ọ̀nà ṣe. Wọ́n ti gba èébú tó, wọn yóò sì tún gbà sí i. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni àwọn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó wà láàrin ìgbà tí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀ àti ìgbà tí ènìyàn kú. Ta ni ó ni àwọn ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn? Iṣẹ́ ta ni?

Nínú ìjàm̀bá tí ọkọ̀ púpọ̀ ti wọnú ara wọn, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kú ni ó kú lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí kò ní ju ẹsẹ̀ dídá lọ, ṣùgbọ́n tí irin ti há a mọ́ ìdí ìjókòó, tí iná sì wá bá a níbẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí aṣọ tí a bá dì mọ́ ọgbẹ́ náà ṣinṣin ì bá gbà á là títí tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn oníṣègùn a máa sọ̀rọ̀ nípa wákàtí kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjàm̀bá. Ọ̀gbẹ́ni R Adams Cowley, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan ní Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú wákàtí kan náà, ẹ ṣírò rẹ̀ wò fún ìjàm̀bá tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Otokiti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀nà kún: ìgbà tí ẹnìkan yóò fi rántí ẹni tí ó yẹ kí a pè, ìgbà tí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ yóò fi wá ọ̀nà láàrin ọkọ̀ tí ó ti dí títì pa ní apá méjèèjì, ìgbà tí wọn yóò fi wá irin tí a ó fi já ilẹ̀kùn. Kí ni ó ṣẹ́kù?

Irin tí a fi ń já ilẹ̀kùn yìí tilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, George Hurst, ará Amẹ́ríkà kan, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ya ara ọkọ̀ bí ẹní ń ya agolo, nítorí àwọn tí ń fi mọ́tò sá eré ìje tí irin máa ń há mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn panápaná ilẹ̀ wọn fi gba ẹ̀rọ náà mọ́ra. Òróró tí a fún pọ̀ nínú rọ́bà ni ó ń fún un ní agbára. Ẹni méjì lè gbé e, ó sì lè gé òpó ọkọ̀ láìtaná, èyí tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀ níbi tí epo ti dà sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ni dígà, irin ìtáyà àti ọwọ́ lásán. Àwọn ọkùnrin márùn-ún yóò di ẹsẹ̀ àti apá aláìsàn mú, wọn yóò ní ó di kan, ó di méjì, wọn yóò sì fà á yọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn arọ tí ó wà láàrin wa ni kì í ṣe ìjàm̀bá ni ó sọ wọ́n di arọ, bí kò ṣe fífà tí a fà wọ́n yọ?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn ibòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, ọkọ̀ agbépo kan já lu àwọn ọkọ̀ tí ó tò sí ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jóná mọ́ inú ọkọ̀ tí kò rìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ tí ó jóná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó lé ní 50. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Majiya ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 150 ti kú, àti ti oríta Dikko ní Ìpínlẹ̀ Niger, ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 80 ti kú. Nínú méjèèjì, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ ṣubú ni wọ́n kú. Ọkọ̀ ṣubú, epo dà, àwọn ènìyàn gbé kèrègbè àti bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde láti gbọ́n ọn, lẹ́yìn èyí ni iná tó sọ. Àyè wà láàrin. Kò sí ẹni tí ó fi okùn yí ibẹ̀ ká ní àkókò, kò sí ẹni tí ó fi fóòmù bo epo náà, kò sí ẹni tí aṣọ tí ó wọ̀ lè mú kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu tí ó bá ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé òṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ebi ń pa kì í fetí sí ìkìlọ̀ bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá tí a kọ́ dáadáa, tí wọ́n tètè dé, lè dènà púpọ̀.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe lábẹ́ ìjọba, ẹ ó sì fi orí jì mí bí mo bá yà díẹ̀ sí ọ̀nà iṣẹ́ mi. Mo rò pé orúkọ wà nínú ohun tí ó ń yọ wá lẹ́nu. Panápaná ni a ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí, orúkọ náà sì dùn, kò fi ohun kan pamọ́: wọ́n ń pa iná. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ará ilé yín pé kí ó sáré pe panápaná nítorí pé ọkọ̀ méje kọlu ara wọn, tí iná kò sì jó, yóò bi yín pé, “Iná dà?” Ohun tí orúkọ kò bá mẹ́nu kàn, ó ṣòro kí ìwé ìṣúná ó mẹ́nu kàn án. Òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ panápaná ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, ti ọdún 1963 ni, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ ní ojú títì wa, tí ọ̀nà márosẹ̀ tí à ń wí yìí kò sì tíì sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2004 fi ìdóòlà pẹ̀lú pípa iná sínú orúkọ kan náà, ó sì kọ ọ́ ní gbangba pé yíyọ ènìyàn nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ jẹ́ ojúṣe wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti fi ìdóòlà kún orúkọ ti wọn. Èmi kò sọ pé kí a yí orúkọ padà, nítorí pé ọmọdé ilé gbogbo ni ó mọ panápaná. Kí a ṣáà fi adóòlà tì í, kí a sì fi owó tì í pẹ̀lú.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ Otokiti nìyí. Kí a dá ikọ̀ adóòlà kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn ju ti ọ̀nà márosẹ̀ lọ, tí yóò máa wà lójúfò tọ̀sán tòru. Kí ọkọ̀ wọn kékeré kan wà tí ó lè tètè gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá, èyí tí ó gbé ẹ̀rọ ìjálẹ̀kùn, okùn, iná alẹ́ àti pákó tí a ń tẹ́ aláìsàn sí. Kí ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó gbé omi àti fóòmù. Mo tẹnu mọ́ fóòmù. Ẹni tí ó bá rí Odò Ọya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú lè rò pé omi ti parí ọ̀rọ̀ náà. Epo pẹtiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Bí a bá da omi lásán lé e, yóò léfòó, yóò sì gbé iná rẹ̀ lọ sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Oru rẹ̀ tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó máa ń rá lọ nílẹ̀, ó ń wọ inú gọ́tà, títí yóò fi bá iná àdògán ẹlẹ́kọ kan pàdé. Ọkọ̀ agbépo kan lè gbé 33,000 lítà, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìjọba ti fi òfin de àwọn tí ó ń gbé 60,000 lítà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyókù tó láti jó àdúgbò kan run.

Ẹ̀rọ kò ṣòro rà tó ìṣètò. Bí ìjàm̀bá ńlá bá ṣẹlẹ̀, FRSC yóò dé, ọlọ́pàá yóò dé, panápaná yóò dé, NEMA yóò dé bí ó bá yá, àwọn ológun tí ó ń kọjá lè dúró, ọkọ̀ agbáláìsàn lè ti ilé-ìwòsàn wá. Gbogbo wọn ni ó ní ọ̀gá. Ta ni ọ̀gá àwọn ọ̀gá? Bí a kò bá ti yanjú èyí sínú ìwé kí ọjọ́ náà tó dé, ojú títì ni a ó ti máa jà á, lórí ẹ̀jẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ọ̀gá ikọ̀ adóòlà jẹ́ olórí níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú irin tàbí tí epo bá wà nílẹ̀, kí FRSC àti ọlọ́pàá máa ṣàkóso ọkọ̀ àti èrò, kí wọ́n sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń gbé aláìsàn. Kí wọ́n máa ṣe ìdánrawò rẹ̀ lọ́dọọdún, kí oṣù Kejìlá tó wọlé.

Iṣẹ́ kan wà tí ó tún le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, èyí ni yíyan ẹni tí a ó kọ́kọ́ gbé. Ní ọdún 1983 ni àwọn panápaná àti ilé-ìwòsàn kan ní Newport Beach, ní California, ṣe ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti gbà lò. Wọn yóò yẹ èémí, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ àti ojú-iyè ẹnìkọ̀ọ̀kan wò kíákíá, wọn yóò sì so àwọ̀ mọ́ ọn lára. Pupa ni ẹni tí kò lè dúró. Àwọ̀ ìyeyè ni ẹni tí ó lè dúró díẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Dúdú ni ẹni tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún. Ní tiwa, ẹni tí igbe rẹ̀ pọ̀ jù tàbí tí aṣọ rẹ̀ dára jù ni a sábà máa ń kọ́kọ́ sáré gbé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lábẹ́ ìjókòó gan-an ni ó ń kú lọ. Ìyá ọlọ́mọ kan kò ní fẹ́ gbọ́ pé kí a fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ ná. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ìpinnu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún èrò ọ̀nà. Ẹni tí a ti kọ́, tí ó sì wọ aṣọ iṣẹ́, ni kí ó gbé ẹrù náà.

Àwọn ará àdúgbò wá ńkọ́? A kò gbọdọ̀ lé wọn dànù, nítorí pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Jórinjórin wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, mẹkáníìkì wà, ọlọ́kadà wà, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì wà lọ́pọ̀ yanturu. Kí ikọ̀ náà yan 50 nínú wọn, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń dí ojú ẹ̀jẹ̀, bí a ti ń di ọrùn ènìyàn mú kí ó má yí, àti ìgbà tí ó yẹ kí jórinjórin ó paná ẹ̀rọ rẹ̀ kíákíá dípò kí ó gbé e wá. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ń darí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti nígbà tí wọ́n fi í ṣe alága FRSC tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, àwọn tí ó ń fi àkókò ara wọn ṣiṣẹ́ láìgba owó wà nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣì wà títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá tí ẹ ní mọ́tò, tí ẹ sì ń gba ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ẹ lè dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹnìkan yóò sọ pé kí ni ó kan Ìpínlẹ̀ Kogí, tí yóò fi ná owó rẹ̀ lórí àwọn tí kò ṣe ju kí wọ́n kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, epo tí ó ń kọjá níbẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí ìjọba àpapọ̀ ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, kí àwọn oníṣòwò epo sì san ìwọ̀nba lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé pé àwọn tí ó jóná ní Felele ní ọdún 2020 kì í ṣe èrò ọ̀nà nìkan. Ọmọ ìlú ni púpọ̀ nínú wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa tí a ń rìn. Ní gáréèjì tí ó lójú, wọn yóò fún ọ ní ìwé kí o kọ orúkọ rẹ, àdírẹ́sì rẹ àti nọ́ńbà ẹni tí a lè pè. Mélòó nínú wa ni ó ń kọ òótọ́ síbẹ̀? Mélòó ni ó tilẹ̀ ń wọkọ̀ ní gáréèjì, dípò kí ó dúró ní oríta níbi tí owó ọkọ̀ ti fi igba náírà dín? Bí iná bá wá jó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a kò sì lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, inú kòtò kan náà ni wọn yóò sin gbogbo wọn sí. Ẹni tí ó kúrò ní Kánò láti wá sin bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ yóò wá di òkú tí kò lórúkọ ní Lọ́kọ́jà, àwọn ará ilé yóò sì máa retí rẹ̀, wọn kò ní mọ̀ bóyá kí wọ́n sunkún ni tàbí kí wọ́n bínú. Láàrin àwa tí a ka ibi tí a sin ènìyàn sí sí ọ̀rọ̀ ńlá, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó wà ní gbogbo ìlú Òkè Ọya gbé ọ̀rọ̀ yìí sí orí tábìlì ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Kí akọ̀wé kọ ìwé sí mínísítà tí ọ̀rọ̀ iná wà lábẹ́ rẹ̀ àti sí gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogí, kí wọ́n béèrè ikọ̀ adóòlà fún Otokiti, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin tí ó ń ṣojú wọn. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ 122 ti FRSC àti 112 ti pàjáwìrì sínú fóònù rẹ̀ kí ìpàdé tó túká. Kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ilé-ìwòsàn láti kọ ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì: owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí ẹ bá gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n sì ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán wọn létí òfin náà, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbà á wọlé.